Yankari tàbí Gashaka-Gumti: èwo ni ká lọ láti Àbújá?

Bí ọ̀rọ̀ ẹranko igbó bá ti délẹ̀ láàárín àwa Yorùbá tó ń gbé Àbújá, Yankari, ọgbà ẹranko igbó tó wà ní Bauchi, lẹnu gbogbo wa máa ń lọ. Kò burú. Erin wà níbẹ̀, omi ìsun Wikki sì ń lọ́wọ́ọ́wọ́ọ́ tọ̀sán-tòru, nǹkan bí 31 lórí ìwọ̀n Celsius. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá gbẹ káàkiri, etí odò Gaji làwọn ẹranko máa ń rọ́ lọ, ìyẹn ló mú kó rọrùn láti rí wọn. (Ẹ ṣọ́ oúnjẹ yín o, àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ ò mojú àlejò.)

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ oríṣiríṣi ẹ̀dá lẹ ń wá, ti Gashaka-Gumti, ọgbà ẹranko igbó mìíràn láàárín Taraba àti Adamawa, ló pọ̀ jù. Ọ̀dàn ló gba èyí tó pọ̀ jù ní Yankari. Ní Gashaka, ẹ ó kúrò ní ọ̀dàn, ẹ ó bọ́ sí igbó etídò, ẹ ó tún gòkè dé igbó tí kùrukùru máa ń bò. Chappal Waddi, òkè tó ga jù ní Nàìjíríà, ga ju 2,400 mítà lọ. Bẹ́ ẹ ṣe ń gòkè lòtútù ń pọ̀ sí i, tí igi àti ẹyẹ ń yí padà. Ṣinpansíì, ẹ̀yà ìnàkí kan, náà ń gbé ibẹ̀.

Ọ̀nà ibẹ̀ ló jìn, ẹranko ibẹ̀ sì mọ̀ ọ́n sá pamọ́. Ẹni tó kó ọmọ wẹ́wẹ́ dání, Yankari ni kó lọ. Ẹni tí ẹyẹ ń pa bí ọtí, kó forí lé Gashaka, kó kọ́kọ́ bèèrè bí ọ̀nà ṣe rí.