Irin Àlòkù Tàbí Pákó Àlòkù fún Ère?

Ẹni tó bá ń fi àlòkù kọ́ ère ṣíṣe l'Ékòó kì í pẹ́ béèrè èyí. Ní ọjà Òwódé Onírin, ẹ ó sanwó irin. Pákó tí káfíńtà gé kù, ọ̀pọ̀ ìgbà ọ̀fẹ́ ni. Irin ń fẹ́ wẹ́dà àti iná; ìṣó àti gọ́ọ̀mù ti tó pákó. Ewu irin ló pọ̀ jù: èéfín páànù tí wọ́n fi síǹkì bò lè dá ibà síni lára, ẹ má jó o nínú yàrá láéláé. Ikán àti òjò ni ọ̀tá pákó, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ etí òkun sì ń mú irin dógùn-ún.

Ìrísí ló jẹ mí lógún jù. Ère kì í ṣe àwòrán, a gbọ́dọ̀ yí i po. Irin tín-ín-rín lè na apá jáde láìṣẹ́, kí àlàfo àárín rẹ̀ náà di ara iṣẹ́. Ẹ wo ìṣó àlòkù tí Olu Amoda, tó kọ́ni ní Yabatech, máa ń jó pọ̀! Pákó ní tirẹ̀ ṣe é tò, ó ṣe é tú, títí ẹ̀yìn yóò fi dára bí iwájú.

Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nílé, ẹ mú pákó. Bí ère yóò bá dúró níta, tí ẹ sì ní wẹ́dà tó ṣe é fọkàn tán, irin ni kí ẹ lò, kí ẹ sì kùn ún lọ́dà.