Àpótí kékeré tó ń fi iná gbé ẹsẹ̀: oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń lò ó

Télọ̀ ni mí, n'Ìbàdàn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni mo fi wa maṣíìnì Butterfly mi fún ọdún mẹ́rìndínlógún kí ọkọ̀ tó takìtì pẹ̀lú wa lọ́nà Ifẹ̀. Eegun kẹjọ nínú ògóóró ẹ̀yìn, lápá àyà, ló ṣẹ́, tó sì fún okùn tó wà nínú rẹ̀ pa. Dókítà ní kò já tán. "Kò já tán" yẹn ni mo ń gbé sùn lálaalẹ́. Ẹsẹ̀ òsì padà díẹ̀díẹ̀. Tọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀ bíi ti ẹni tó wọ bàtà bàbá rẹ̀.

Àpótí tí mo ń sọ yìí ń fi iná ta iṣan. ₦38,000 ni mo rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń ta irinṣẹ́ ìwòsàn. Kò tóbi ju fóònù onítọ́ọ̀ṣì lọ: wáyà méjì, páàdì mẹ́rin tó ń lẹ̀ mọ́ ara, bátìrì onígun mẹ́rin kan. Èdè Ṣáínà ló kún inú ìwé rẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n ṣáà dùbúlẹ̀, kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́, pé tó bá máa fi tó ọ̀sẹ̀ méjì, màá dìde rìn. Irọ́ ni.

Kí n má parọ́ mọ́ ẹ̀rọ náà ṣá o. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo lẹ páàdì mọ́ ojúgun, nísàlẹ̀ orúnkún, tí mo yí bọ́tìnnì díẹ̀, ẹsẹ̀ tí kò gbọ́ tèmi láti oṣù márùn-ún gbérí fáú! Ìyá Bọ́lá pariwo, ará ilé sáré wọlé. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti pa á, ẹsẹ̀ á tún ṣubú. Oṣù kan gbáko, mo ń wo tẹlifíṣọ̀n, iná ń fi ẹsẹ̀ mi jó, kò sí ohun tó yí padà.

Àǹtí físíò, ẹni tó ń bá mi tún ẹsẹ̀ mi kọ́ ní ìrìn, ló là mí lójú. Ó wò ó tán, ó ní, "Bàbá Bọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń gbé ẹsẹ̀ yìí?" Mo ní ẹ̀rọ ni. Ó ní, "Wàhálà ibẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin náà, ẹ gbé e." Ó ní ọpọlọ apá òsì ló ń rán ẹsẹ̀ ọ̀tún níṣẹ́, okùn inú ògóóró ẹ̀yìn sì ni ọ̀nà tí iṣẹ́ náà ń gbà. Fọ́nrán tó ti já níbẹ̀ kì í sábà so padà. Ìwọ̀nba tó kù ni ọpọlọ máa kọ́ bí yóò ṣe máa gbà. Èmi fi wé afárá tó wó tí àwọn ọlọ́jà wá ń gba inú igbó kọjá: bí wọ́n bá ṣe ń tẹ ibẹ̀ tó ni ọ̀nà ṣe ń là tó. Bí iná bá ń ta iṣan tí ọpọlọ kò sì rán ẹnikẹ́ni, ta ló ń tẹ ọ̀nà?

Báyìí, Bọ́lá ló ń di bọ́tìnnì mú. Màá dijú, màá ro pẹ́dà maṣíìnì lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi, bí irin rẹ̀ ṣe máa ń tutù láàárọ̀. Màá ka ení, èjì; ní ẹ̀ta, màá fi gbogbo ọkàn gbé ẹsẹ̀, òun náà á sì tẹ bọ́tìnnì. Ọgbọ̀n ìgbà láàárọ̀, ọgbọ̀n nírọ̀lẹ́. Lórí àga ni mo wà o, mo sì ń làágùn bí ẹni ń kọ ebè. Orí ló máa ń rẹ̀ mí, kì í ṣe ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo kà nípa Grégoire Courtine, onímọ̀ nípa ọpọlọ, àti Jocelyne Bloch, dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ní Lausanne, ní Switzerland. Lọ́dún 2023 wọ́n sọ ti Gert-Jan Oskam, ará Netherlands tí jàǹbá kẹ̀kẹ́ ti sọ di aláìlè rìn láti 2011. Ẹ̀rọ tó wà lágbárí rẹ̀ ń gba ohun tí ọpọlọ ń rò, òmíràn sì ń ta okùn ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni pé nígbà tí wọ́n pa ẹ̀rọ náà, ó ṣì ń fi ọ̀pá rìn. Ní oṣù Kejìlá 2024, wọ́n tún sọ ti ẹni méjì tí wọ́n ta ibì kan nísàlẹ̀ ọpọlọ wọn, ibi tí wọ́n ti mọ̀ tipẹ́ mọ́ ọ̀rọ̀ ebi àti jíjí lójú oorun, ìrìn wọn sì dára sí i. Ta ní jẹ́ wá ẹsẹ̀ lọ síbẹ̀! Tiwọn gba iṣẹ́ abẹ. N kò tilẹ̀ béèrè iye rẹ̀.

Padà sí tèmi. Páàdì kò nípọn rárá; ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òógùn àti eruku á ti sọ ọ́ di ewé gbígbẹ, ₦4,500 sì ni mẹ́rin. Wáyà kan já lóṣù kejì. Èyí tó burú jù ni pé ibi tí ara kò bá ti mọ nǹkan kan lára, iná lè jó o láìmọ̀; àpá kan wà lójúgun mi. Ẹni tí tirẹ̀ ṣẹ́ lọ́rùn tàbí lókè àyà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà, torí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ṣàdédé fò sókè. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí lọ́kàn, kó má fọwọ́ kàn án.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Ó lè jẹ́ mẹ́rin ká ní olùtajà rẹ̀ sọ òótọ́.

Láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, mo pa ẹ̀rọ, mo sì wa pẹ́dà fún ìṣẹ́jú méje. Apá aṣọ ilé-ìwé kan ni mo rán. Ìrán náà wọ́. Ìyá Bọ́lá tú u, ó ní kí n tún un rán lọ́jọ́ Mọ́ńdè.