Ọkọ̀ ojú irin tàbí takisí: ìfiwéra fún ìdílé tó fẹ́ lo òpin ọ̀sẹ̀ ní Mysuru

Ẹni tó bá ń gbé ní Bengaluru ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, tàbí tó bá aláìsàn wá sí ilé ìwòsàn níbẹ̀ tó sì rí ọjọ́ méjì fi najú, kì í pẹ́ tí wọn yóò fi sọ fún un pé kó kó àwọn ọmọ lọ sí Mysuru. Ìlú àwọn ọba àtijọ́ ni, kò sì jìnnà, nǹkan bí 145 kìlómítà ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni èmi àti ìyàwó mi ti kó àwọn ọmọ wa méjèèjì lọ, pẹ̀lú ìyá ìyàwó mi tó wá kí wa láti Ìbàdàn. Takisí ni a kọ́kọ́ háyà, ọkọ̀ ojú irin ni a wọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. N kò ní tún máa ròyìn ààfin fún yín, nítorí àwòrán rẹ̀ wà níbi gbogbo. Bí ènìyàn yóò ṣe débẹ̀ láìjẹ gbèsè ni mo fẹ́ sọ.

Ní ti àkókò, takisí àti ọkọ̀ ojú irin kò fi bẹ́ẹ̀ ju ara wọn lọ. Òpópónà tuntun tí wọ́n ṣí lọ́dún 2023 gùn tó 119 kìlómítà, àwọn awakọ̀ sì máa ń fi wákàtí kan ààbọ̀ yangàn, ṣùgbọ́n wọn kì í ka sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ inú Bengaluru mọ́ ọn. Ọkọ̀ ojú irin tó yá nínú wọn ń lo nǹkan bí wákàtí méjì.

Owó ni kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Rúpì 18 lórí kìlómítà kan ni ilé iṣẹ́ takisí náà pè fún wa, fún ọkọ̀ ńlá tó gba gbogbo wa. Mo ṣírò àlọ àti àbọ̀, mo fi ìrìn inú ìlú kún un, mo sì rí i pé kò lè ju rúpì 7,000 lọ. Ohun tí n kò béèrè ni iye kìlómítà tí wọ́n ń kà sí ọjọ́ kan. Bí ènìyàn bá gbé takisí jáde kúrò nílùú lágbègbè yìí, iye kan wà tí ó gbọ́dọ̀ san lójúmọ́, ìbáà lọ jìnnà, ìbáà má lọ. 300 kìlómítà ni tiwa. Wọ́n tún ń ka kìlómítà láti gáréèjì wọn padà sí gáréèjì, wọ́n ń gba owó oúnjẹ awakọ̀ lójúmọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní bata, ọjọ́ tuntun sì ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ní aago méjìlá òru.

Ìmọ́lẹ̀ ààfin ló kó bá wa. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba ni wọ́n máa ń tan nǹkan bí 100,000 gílóòbù tó wà lára rẹ̀, láti bí aago méje, kò sì sí òbí tí yóò kó ọmọ dé Mysuru tí yóò ní kí wọ́n máa lọ kí iná náà tó tàn. A wò ó, a jẹun, a gbéra, a bá ọ̀wọ́ ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà Bengaluru, a sì dé ẹnu géètì wa ní aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú. Bí mo ti ń gbé ọmọ tó ti sùn sọ̀ kalẹ̀, awakọ̀ tan iná fóònù rẹ̀ sí mítà ọkọ̀, ó ya àwòrán rẹ̀, ó sì fi ìwà pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé gáréèjì wà ní òdìkejì ìlú, òun kò sì lè débẹ̀ kí aago méjìlá tó lù. Bí ọjọ́ kẹta ṣe wọlé nìyẹn. Kìlómítà 372 ni ọkọ̀ náà rìn, 900 ni wọ́n kọ síwèé. Ó di rúpì 16,200, bata ọjọ́ mẹ́ta jẹ́ 1,500, owó ibodè ojú ọ̀nà àti ti ibùdókọ̀ ṣì wà lọ́tọ̀. Màmá béèrè lọ́wọ́ mi bóyá a ti ra ọkọ̀ náà ni.

Ọkọ̀ ojú irin ní wàhálà tirẹ̀, n kò ní purọ́. Ìjókòó òpin ọ̀sẹ̀ máa ń tètè tán, pàápàá nígbà ọdún Dasara ní oṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá, bẹ́ẹ̀ 60 ọjọ́ ṣáájú ni wọ́n ń ṣí títa rẹ̀. Bí ẹ bá rí WL lára tíkẹ́ẹ̀tì, orí ìlà ìdúró lẹ wà, ẹ kò tíì ní ìjókòó. Ṣùgbọ́n bí ìjókòó kò bá yọ, tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì yóò fagi lé ara rẹ̀, owó yín yóò sì padà wá, àfi díẹ̀ tí wọ́n máa ń yọ. Lẹ́yìn ìyẹn, aago méjìlá òru kò jẹ́ nǹkan kan fún ẹni tó ti san owó tíkẹ́ẹ̀tì.

Àwọn ọmọ lè dìde rìn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú ọkọ̀. Àwọn tó ń kiri máa ń gbé vada Maddur wọlé, tó dà bí àkàrà pẹlẹbẹ alálùbọ́sà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹ̀fun ni wọ́n fi ń ṣe é, kì í ṣe ẹ̀wà. Òpópónà tuntun tí takisí ń gbà ti yẹ ìlú Maddur tó ni vada náà sílẹ̀. Kí ọkọ̀ tó wọ Mysuru, yóò gba erékùṣù Srirangapatna kọjá, níbi tí Tipu Sultan, ọba Mysuru nígbà náà, kú sí lọ́jọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 1799. Ojú irin náà súnmọ́ àwókù ibẹ̀ débi pé nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ ojú irin náà di ipa méjì, ńṣe ni wọ́n gbé ilé ìkóhun-ìjà Tipu kan lódindi kúrò lọ́nà lọ́dún 2017.

Takisí ló dára jù fún ẹrù púpọ̀ àti fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Òun náà ló lè yà sí tẹ́ḿpìlì Somanathapura, tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1258, nítorí ojú irin kò débẹ̀. Ṣùgbọ́n a dé Somanathapura lẹ́ẹ̀kejì yìí náà: ní Mysuru ni a ti háyà ọkọ̀ ní iye kan fún wákàtí mẹ́jọ àti 80 kìlómítà, a ra àfikún kìlómítà díẹ̀, a sì gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta káàkiri ìlú. Bí mo ṣe ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì, kò dé ìdajì owó ìgbà àkọ́kọ́.

Nítorí náà, kí kálukú yan èyí tó bá ẹbí rẹ̀ mu. Ẹni tó bá yan takisí, kó béèrè iye kìlómítà tí wọ́n ń kà sí ọjọ́ kan, aago tí ọjọ́ ń parí, àti àdúgbò tí gáréèjì wà, kó sì gba ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lákọsílẹ̀ sórí fóònù rẹ̀ kó tó san àsansílẹ̀.