“Bátìrì wo lẹ ń wí?”: ìrírí mi ní ṣọ́ọ̀bù oníbátìrì kan ní Pàńṣẹ́kẹ́

Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù oníbátìrì ní Abẹ́òkúta tó sì ní òun fẹ́ ra bátìrì kò tíì sọ nǹkan kan, nítorí pé orúkọ kan ṣoṣo yìí la fi ń pe èyí tó ń ta mọ́tò jí láàárọ̀, èyí tó ń gbé ínfátà ró nígbà tí NEPA bá mú iná lọ, èyí tó wà nínú fóònù, àti èyí tí kò tóbi ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ nínú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù kan ní Pàńṣẹ́kẹ́ fi wọ̀ mí lójú láti ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀. Mo ní mo wá ra bátìrì. Kò nawọ́ sí ọjà kankan. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára àkísà, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, bátìrì wo lẹ ń wí?”

Bátìrì mọ́tò ni mo ń wí. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọkọ̀ mi kọ̀ kò ṣíná ní Kútọ̀: bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, yóò dún “ká” lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò sì dákẹ́. Réwáyà kan tó wà nítòsí wò ó fìrí, kò fi ohunkóhun wọ̀n ọ́n, ó ní bátìrì ti kú pátápátá, ó sì ti ń dárúkọ iye tuntun kí n tó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Mo tú bátìrì náà, mo gbé e sínú táksí, mo sì forí lé Pàńṣẹ́kẹ́ pẹ̀lú owó tuntun lápò.

Ọ̀gá yìí fi mítà kan orí méjèèjì, ó sì yí ojú mítà náà sí mi kí èmi náà lè ka 12.5 tó wà níbẹ̀. Ó ṣàlàyé pé yàrá mẹ́fà ló wà nínú bátìrì mọ́tò, pé yàrá kọ̀ọ̀kan ń mú nǹkan bíi fóòtì (volt) 2.1 wá, pé àpapọ̀ wọn a máa tó 12.6 bí ó bá kún, àti pé èyí tó bá wálẹ̀ dé 12 ni ebi ń pa. Síbẹ̀ nọ́ńbà yẹn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, torí ó ní bátìrì lè fi ojú rere hàn nígbà tó bá ń sinmi, kó sì ṣubú lulẹ̀ nígbà tí wọ́n bá di ẹrù rù ú. Ó gbé ẹ̀rọ mìíràn tó ń fa iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lé e. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà wálẹ̀ díẹ̀, ó sì dúró. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìdérí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tó ń fi ọ̀pá dígí olórí rọ́bà fa ásíìdì inú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun kékeré kan ń léfòó nínú dígí náà. Bó bá ṣe ga tó ni ásíìdì náà ṣe lágbára tó. Omi ti gbẹ nínú yàrá méjì débi pé pẹlẹbẹ òjé inú wọn ti yọrí. Omi bátìrì ló bù sí i, kì í ṣe ásíìdì, ó sì ń wí fún ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ pé omi ló ń gbẹ, ásíìdì kì í lọ ibì kankan.

Ìgbà yẹn ló wá bi mí bóyá ìyẹ̀fun funfun wà lẹ́nu wáyà tó kan bátìrì nínú ọkọ̀. Ó wà níbẹ̀. Mo ti rí i tipẹ́, mo sì rò pé ìdọ̀tí lásán ni, láìmọ̀ pé ó lè dínà mọ́ iná. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ náà bá mi padà sí Kútọ̀ pẹ̀lú omi gbígbóná, sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì àti búrọ́ọ̀ṣì onírin, ó fọ ẹnu wáyà méjèèjì títí ìyẹ̀fun náà fi hó dànù, ó dè wọ́n le, ọkọ̀ sì ṣíná. 2,500 náírà ni gbogbo ohun tí wọ́n gbà. Owó bátìrì tuntun ṣì wà lápò mi.

Mo ti padà débẹ̀ nígbà mẹ́rin láti ìgbà náà, òkúta rédíò, ìyẹn bátìrì tí wọ́n ń kì bọ rédíò, ló sì ń gbé mi lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ní ọjọ́ kan, ìyá àgbàlagbà kan wọlé, ó ní kí wọ́n fún òun ní òkúta méjì. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ náà, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ, lanu sílẹ̀: “Òkúta kẹ̀, Màmá? A kì í ta òkúta níbí.” Màmá wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, “Abẹ́ òkúta lò ń gbé, o ò sì mọ òkúta?” Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló mú òkúta olórí ẹkùn ńláńlá méjì sílẹ̀, ó fi mítà kan ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó kó wọn fún un, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe da tuntun pọ̀ mọ́ ògbólógbòó, nítorí èyí tó ti kú a máa jò, a sì máa jẹ irin inú rédíò. Mo rántí bí a ṣe máa ń sá òkúta tó ti rẹ̀ sóòrùn, tí a ó tún fi eyín tẹ̀ ẹ́ kó lè gbé ìròyìn alẹ́ kan péré. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dán ti eyín yẹn wò mọ́.

Ọjọ́ yẹn kan náà ni ọkùnrin kan tó ń sin adìẹ ẹlẹ́yin lọ́nà Alábàtà ní òun ń wá bátìrì tí yóò máa tan iná sí bátìrì òun. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà, nítorí bátìrì làwọn tó ń sin adìẹ ń pe kéèjì onílé púpọ̀ tí wọ́n tò léra. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a ti yá ọ̀rọ̀ náà, ọ̀wọ́ àgbá ogun tí wọ́n tò sójú kan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kí iná mànàmáná tó dé sí i. Benjamin Franklin ará Amẹ́ríkà lò ó ní 1749 fún àwọn pẹlẹbẹ dígí tó so pọ̀ láti fi tọ́jú iná, nígbà tí Alessandro Volta ará Ítálì sì to àwo irin oríṣi méjì léra ní 1800, tó fi aṣọ tó rin fún omi iyọ̀ sáàárín wọn, orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn. Bí a bá fẹ́ ṣòfin, òkúta kan ṣoṣo kì í ṣe bátìrì, àfi tí a bá tò ó mọ́ òmíràn. Àwọn àgbà tó pè é ní òkúta kò ṣìnà rárá.

Ní ti ínfátà, n kò lè yìn wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ìṣirò ọ̀gá náà dára: bátìrì olójé onífóòtì 12 tí wọ́n kọ 200 Ah sí lára ń tọ́jú iná tó lè gbé 2,400 wáàtì fún wákàtí kan lórí ìwé, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni ó ní kí n máa ná bí mo bá fẹ́ kó pẹ́. Àmọ́ bí mo ṣe bèèrè nípa bátìrì lítíọ́mù (lithium-ion), irú èyí tí Sony kọ́kọ́ gbé sọ́jà ní 1991 tó sì wà nínú fóònù gbogbo wa, ó ní ti olówó nìyẹn, ó sì yí ọ̀rọ̀ padà. Bátìrì fóònù mélòó kan tó ti wú bí àkàrà sì wà lórí tábìlì rẹ̀, nínú oòrùn. Ohun tó lè gbiná nìyẹn.

Yàrá tí wọ́n ti ń ṣájì bátìrì kò ní fèrèsé, bẹ́ẹ̀ gáàsì tó ń jáde lára bátìrì olójé tó ń ṣájì lè bú gbàmù. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kò wọ ìbọ̀wọ́. Wọ́n ń to ògbólógbòó bátìrì sétí gọ́tà de àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ̀ẹ̀mù. Lẹ́yìn ìròyìn májèlé òjé tó jáde láti Ògíjó, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ ògbólógbòó bátìrì ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, n kò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tún máa ṣe bẹ́ẹ̀. Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá. Nígbà tí mo padà lọ, ó ti fi tapólíìnì bò wọ́n, ó sì ti ra ìbọ̀wọ́, àmọ́ ara ìṣó ló ṣì kọ́ sí.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó mú bátìrì rẹ̀ àtijọ́ dání, torí wọn a máa yọ iye rẹ̀ kúrò lára owó tuntun, kó sì ní kí wọ́n kọ ọjọ́ sí rìsíìtì, nítorí wọn kì í kọ ọ́ bí a kò bá bèèrè. Ní ọjọ́ Jímọ̀, wọn kì í sí ní ṣọ́ọ̀bù láàárín aago kan sí mẹ́ta.