Lightbox kékeré fún fótò ìlẹ̀kẹ̀ àti wúrà: bó ṣe rí lọ́wọ́ mi ní Àkúrẹ́, àti iye tí mò ń gbà

Bí ẹ bá ń ya fótò ìlẹ̀kẹ̀ tàbí wúrà fún àwọn ọlọ́jà, tí ẹ kò sì mọ iye tó yẹ kí ẹ gbà, lightbox kékeré yìí, ìyẹn àpótí oníná tí a ń gbé ọjà sínú rẹ̀ yà, lè ràn yín lọ́wọ́ ju bí ẹ ti rò lọ. Kò lè sọ ayàfótò di ọ̀gá o. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí iṣẹ́ gba iye àkókò kan náà lónìí àti lọ́la, orí àkókò yẹn ni mo sì gbé iye owó mi kà báyìí.

Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe ní Alágbàká. Fótò jẹ́ ohun tí mo nífẹ̀ẹ́ sí, ìrọ̀lẹ́ àti Sátidé ni mo ń rí àyè rẹ̀. Àwọn tí mò ń yà á fún ni àwọn obìnrin tó ń to ìlẹ̀kẹ̀ àti àwọn tó ń ta wúrà láti Ọjà Ọba dé Arákàlẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ yunifásítì FUTA tó jẹ́ pé orí WhatsApp àti Instagram nìkan ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Àpótí tí mò ń lò ṣeé ká pọ̀ sínú báàgì, ó fẹ̀ tó 40 sẹ̀ǹtímítà, ó ní ìlà iná LED méjì lábẹ́ òrùlé rẹ̀, ẹ̀yìn funfun àti dúdú, àti ihò lókè tí a lè gba ibẹ̀ ya ohun tó wà nílẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ irú rẹ̀ pọ̀, àmọ́ ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lójú mi.

Ojú fèrèsé ni mo ti ń yà tẹ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé dára gan-an, n kò ní bú u. Ṣùgbọ́n ní Àkúrẹ́, pàápàá láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, oòrùn lè yọ nígbà tí mo bá gbé ẹ̀gbà ọrùn àkọ́kọ́ kalẹ̀, kí òjò sì ti ṣú kí n tó dé orí ìkẹta. Fótò mẹ́ta, àwọ̀ mẹ́ta. Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti máa ń wá bí wọn yóò ṣe bára mu, tí ilẹ̀ á fi ṣú mọ́ mi. Nínú àpótí, ìmọ́lẹ̀ aago mẹ́wàá àárọ̀ àti ti aago mẹ́jọ alẹ́ kò yàtọ̀. Mo gbé kámẹ́rà sórí tripod, mo fi tépù sàmì sí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró sí, mo fi ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń fa ìmọ́lẹ̀ tó, sí 100, n kò sì fọwọ́ kan nǹkan mọ́. Tí mo bá ṣe édíìtì ẹyọ kan tán, mo lè da ètò rẹ̀ kọ sórí gbogbo ìyókù. Ibẹ̀ ni mo ti rí àkókò mi gbà padà.

Ti iná ńkọ́? Èyí tún wù mí. Páwà báǹkì tí a fi ń ṣaájì fóònù ló ń gbé e. Mo máa ń mú méjì tó jẹ́ 10,000 mAh dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníbàárà, wọn kì í sì í tan jẹnẹrétọ̀ nítorí tèmi. Owó epo kò sí nínú iye tí mò ń pè, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré lásìkò yìí. Ẹ kàn kíyè sí nǹkan kan: bí ẹ bá rẹ iná náà sílẹ̀ kó má bàa mọ́lẹ̀ jù, àwọn kan máa ń ṣẹ́jú. Ojú wa kò lè rí i, ṣùgbọ́n kámẹ́rà á rí i, ìlà dúdú á sì là á kọjá nínú fótò. Ẹ jẹ́ kí iná mọ́lẹ̀ tán, kí ojú kámẹ́rà sì ṣí pẹ́ díẹ̀.

Iyùn ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù, nítorí òun ló ń mú owó wọlé níbí. Ìgbéyàwó wo là ń ṣe ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó tí iyùn kò ní sí lọ́rùn ìyàwó? Ẹni tó ń tà á mọ pupa kan yàtọ̀ sí pupa kejì, bí pupa ọjà rẹ̀ bá sì yí nínú fótò, kò ní gbà á lọ́wọ́ yín. Nínú àpótí yìí, àwọ̀ ọsàn ni kámẹ́rà ń gbé jáde fún iyùn. Lára páálí rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé CRI rẹ̀ lé ní 95, ìyẹn òṣùwọ̀n bí iná ṣe ń fi àwọ̀ hàn bó ṣe rí gan-an, tí òkè rẹ̀ jẹ́ 100. Ó lè má jẹ́ irọ́. Àwọ̀ mẹ́jọ tí kò jinlẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò CRI yẹn, láti R1 dé R8. Pupa tó jinlẹ̀, tí wọ́n ń pè ní R9, kò sí nínú ìṣirò náà. Iná LED olówó pọ́ọ́kú lè yege nínú mẹ́jọ yẹn kó sì fìdí rẹmi níbi R9, ibẹ̀ gan-an sì ni iyùn wa wà. Káàdì eérú tí a fi ń ṣètò àwọ̀ kò lè tún gbogbo rẹ̀ ṣe, torí ohun tí iná kò gbé jáde, kámẹ́rà kò lè rí i. Nítorí náà mo máa ń di ẹyọ iyùn kan mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, lójú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, mo sì ń yí pupa inú fótò títí àwọn méjèèjì á fi jọra. Iṣẹ́ ojú àti sùúrù ni, ó sì wà nínú iye tí mò ń gbà lórí iyùn. Sẹ̀gi kì í fún mi ní wàhálà. Aró rẹ̀ ń jáde bó ṣe rí.

Wúrà dídán ni ibi tí àpótí yìí ti kù díẹ̀ káàtó. Òrùka tó dán dáadáa á fi gbogbo ohun tó yí i ká hàn. Ìlà iná méjèèjì á hàn lára rẹ̀, LED kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́ńsì mi alára á hàn. Bébà tírésì tí àwọn tó ń ya pláànù ilé ń lò ni mo gé, mo fi tépù so ó sábẹ́ iná kí ìmọ́lẹ̀ lè fọ́n ká kó tó balẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gé páálí dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, mo gbé wọn sí ọ̀tún àti òsì òrùka níbi tí kámẹ́rà kò ti ní rí wọn, kí etí òrùka lè ní ìlà dúdú tó máa yà á sọ́tọ̀. Láìsí páálí yẹn, wúrà á pòórá sínú funfun. Òkúta tó yẹ kó máa tàn yanran tún wà lọ́tọ̀: ìmọ́lẹ̀ àpótí rọ̀ jù fún un, ó ń pa á kú. Tọ́ọ̀ṣì kékeré tí mo ń tàn sí i láti ẹ̀gbẹ́ ló ń jí i.

Lẹ́ńsì macro, èyí tí a fi ń ya ohun kékeré láti tòsí, ni mò ń lò. Bí a bá sún mọ́ nǹkan débi tí macro ti lágbára jù, ibi tó máa hàn kedere ní f/8 kò ju bíi mílímítà kan lọ (nọ́ńbà f yìí ni bí ihò lẹ́ńsì ṣe ṣí tó; bó bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ihò ń kéré sí i). Ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá sì sá lọ sí f/22, gbogbo rẹ̀ á tún ṣe bàìbàì díẹ̀, kò ní mú. Nítorí náà, fótò kan tí oníbàárà rí lè jẹ́ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, tí ibi tó hàn kedere nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, tí mo tò léra lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ wá fi ọyẹ́ kún un. Lásìkò náà, eruku ń balẹ̀ sórí ìlẹ̀kẹ̀ dúdú kí n tó nù ún tán. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, ohun tí a fi ń fẹ́ eruku, ìbọ̀wọ́ òwú kí ìka má bàa hàn lára wúrà: àwọn yìí ń gba àkókò ju títẹ kámẹ́rà lọ fíìfíì.

Ó wá kan owó. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ti dúró sójú kan, mo lè wo aago. Ẹ̀gbà ọrùn ìlẹ̀kẹ̀ kan, fótò mẹ́ta, láti ìgbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún títí mo fi parí édíìtì, ń gbà mí ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Iyùn ń gba ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta nítorí pupa rẹ̀. Òrùka wúrà ń gba wákàtí kan gbáko. Mo fi ₦4,000 sí wákàtí mi, mo sì ń fi ₦500 lé ohun kọ̀ọ̀kan fún dátà àti gbígbó irinṣẹ́. Ìlẹ̀kẹ̀ di ₦2,500, iyùn ₦3,500, wúrà ₦4,500. Yẹtí méjì jẹ́ ohun kan. Sẹ́ẹ̀tì ìyàwó, ìyẹn ẹ̀gbà ọrùn, ẹ̀gbà ọwọ́ àti yẹtí, jẹ́ ohun mẹ́ta, kódà bí wọ́n bá fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wà nínú fótò kan, torí ohun mẹ́ta náà ni mo máa nù. Owó ọkọ̀ wà lọ́tọ̀. Iye tèmi nìyí. Tiyín lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè dín. Bí mo ṣe ṣírò rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ mú.

Ìyá kan tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ní Ọjà Ọba kọ̀ jálẹ̀ nígbà tó gbọ́ iye yìí.

“Bọ̀ọ̀dá, ìlẹ̀kẹ̀ lẹ fẹ́ yà o, ẹ ò fẹ́ ya ìyàwó.”

“Òótọ́ ni, mà. Ẹ jẹ́ kí n ya ẹyọ kan, kí ẹ wò ó ná.”

Mo gbé ẹ̀gbà ọwọ́ kan sínú àpótí níṣojú rẹ̀. Nígbà tó fi ìka méjì fẹ fótò náà lójú fóònù, ibi kókó òwú tó so ìlẹ̀kẹ̀ pọ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Ó wò ó títí. “Ọwọ́ mi ló so èyí,” ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, ó sì ké sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kó wá wò ó. Ó san ti mẹ́ta lọ́jọ́ náà, kò sì bẹ̀ mí pé kí n dín in kù mọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó mọ iyì wúrà là ń tà á fún, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó yẹ kí a jẹ́ kí wọ́n fojú rí iyì náà ná.

“Ṣebí ẹ ń gba owó oṣù, kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe?” Mo ń gbọ́ èyí lẹ́nu ojúlùmọ̀, ó sì ń dùn mí, kì í ṣe nítorí tèmi nìkan. Àwọn ayàfótò wà lójú ọ̀nà Ọba Adésìdà tó jẹ́ pé iṣẹ́ yìí ni wọ́n fi ń san owó ilé-ìwé ọmọ. Bí èmi tí mo ní owó oṣù bá ń ya òrùka ní ₦1,000, oúnjẹ wọn ni mò ń gbà lẹ́nu wọn. Nítorí náà n kì í dín iye ẹyọ kan kù. Bí ọjà bá pọ̀ ni mo ń dín owó: ẹni tó bá kó mẹ́wàá tó jọra wá, ẹ̀ẹ̀kan ni mo to àpótí, ẹ̀ẹ̀kan ni mo ṣètò àwọ̀, mo lè fi àkókò tí mo jèrè yẹn jìn ín. Télọ̀ tó gba aṣọ ẹbí ogún pọ̀ kì í pe iye tó ń pè lórí ẹyọ kan.

Mo ń gba ìdajì owó sílẹ̀, mo sì ń ṣe àtúnṣe lẹ́ẹ̀kan. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń kọ àdéhùn wa sórí WhatsApp, torí lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti ọdún 2022, ayàfótò ló ni fótò bí kò bá sí àdéhùn mìíràn tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ò mọ̀. Mo fún wọn láyè láti fi polówó ọjà wọn níbi tó bá wù wọ́n. Ẹlòmíràn tó bá fẹ́ lò ó, kó wá bá mi. Bíi document ni mo sì ń fi í ránṣẹ́, torí bí a bá fi ránṣẹ́ bíi fótò, WhatsApp á fún un kéré, gbogbo wàhálà etí òrùka yẹn á sì ṣòfò.

Àléébù tó kù kò pọ̀. Ẹ̀yìn funfun tó bá a wá ń ní ìlà níbi tí wọ́n ti ká a. Páálí funfun àwọn ọmọ ilé-ìwé ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Ó kéré fún ejìgbà gígùn àti ìlẹ̀kẹ̀ olóyè. Wọ́n pè mí láti Oǹdó nípa irú rẹ̀, mo ní kí wọ́n wá ẹni tó ní stúdíò. Ẹni tó jẹ́ pé status WhatsApp nìkan ló ń yà á fún kò nílò kámẹ́rà kankan rárá, fóònù tó dára nínú àpótí yìí ti tó.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ mú iyùn kan, òrùka tó ń dán kan àti páwà báǹkì yín lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ní kí wọ́n tàn án. Ẹ fi fóònù ya iyùn náà nínú rẹ̀, kí ẹ gbé e jáde síta, kí ẹ tún un yà. Bí pupa méjèèjì bá jìnnà síra jù, ẹ wo òmíràn. Kí ẹ sì béèrè bóyá bébà tó ń fọ́n iná ká wà nínú páálí rẹ̀. Bó bá wà, ẹ ò ní wá tírésì kiri.