Nóòdù àjọlò, nóòdù àdálò, tàbí kí ẹ gbé tiyín kalẹ̀: èwo ló yẹ yín?

Ètò tó bá fẹ́ ka àkọsílẹ̀ orí blockchain (ìwé àkọsílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jọ ń tọ́jú), tàbí tó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ lórí rẹ̀, nóòdù, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà náà, ni yóò gbà wọlé. Bí nóòdù náà bá dákẹ́, blockchain fúnra rẹ̀ lè máa ṣiṣẹ́ lọ, àmọ́ lójú oníbàárà yín, ẹ̀yin lẹ tilẹ̀kùn.

Nóòdù àjọlò ni owó rẹ̀ kéré jù. Òmíràn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Nítorí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló jọ ń lò ó, gbèdéke wà lórí iye ìbéèrè tí ẹ lè fi ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹ bá kọjá rẹ̀, èsì 429 (pé ìbéèrè yín ti pọ̀ jù) ni ẹ óò máa rí. Àwọn ìbéèrè tó wúwo, bíi debug_traceTransaction tó ń tọpasẹ̀ gbogbo ìgbésẹ̀ ìdúnàádúrà kan, wọn kì í sábà ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán iṣẹ́ rẹ̀ wò kò nílò jù báyìí lọ.

Nóòdù àdálò ni mo gbà níyànjú fún ẹni tí owó ẹlòmíràn wà níkàáwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ ń lo sáfà náà, ìbéèrè ẹlòmíràn kò ní fa tiyín sẹ́yìn, owó oṣooṣù rẹ̀ kì í sì í sábà yí padà bí ìbéèrè bá pọ̀. Síbẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo kò tó gbẹ́kẹ̀ lé. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kọkànlá, ọdún 2020, Infura, ilé-iṣẹ́ tó ń pèsè nóòdù, dákẹ́ nítorí ẹ̀dà àtijọ́ tó ń lò nínú Geth (ètò tí nóòdù blockchain Ethereum fi ń ṣiṣẹ́). MetaMask (àpò owó orí ayélujára) kò ṣiṣẹ́ dáadáa, Binance (ọjà owó orí ayélujára) sì dá gbígba ETH, owó Ethereum, jáde dúró. Nóòdù àdálò tó bá ń lo ẹ̀dà yẹn lọ́jọ́ náà ì bá ṣubú bákan náà. Torí náà, ẹ bi olùtajà pé: ta ló ń ṣe ìmúdójúìwọ̀n, báwo ló sì ṣe ń yá tó? Ṣé nóòdù kejì wà tó ń lo ètò mìíràn bíi Nethermind tàbí Besu? Ṣé archive (nóòdù tó ń tọ́jú gbogbo ipò àtijọ́) ni? Nóòdù Geth lásán máa ń tọ́jú ipò (bíi iye tó wà nínú àpò kọ̀ọ̀kan) búlọ́ọ̀kù, ìyẹn ìdìpọ̀ àkọsílẹ̀, 128 tó kẹ́yìn nìkan. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye tó wà nínú àpò kan lọ́dún tó kọjá, archive lẹ nílò, owó rẹ̀ sì ga.

Kí ẹ gbé tiyín kalẹ̀ ńkọ́? Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 tí Ethereum ti fi ìwakùsà (ọ̀nà àtijọ́ tó fi ń fi búlọ́ọ̀kù kún àkọsílẹ̀) sílẹ̀, ètò méjì ló gbọ́dọ̀ jọ máa ṣiṣẹ́, ẹ ó fi Lighthouse tàbí Prysm, ètò tó ń tẹ̀lé ìfohùnṣọ̀kan àwọn nóòdù, kún Geth, lórí dísìkì NVMe (dísìkì tó yára) tí kò kéré sí 2TB. Àǹfààní rẹ̀ tó ga jù ni àṣírí: kò sí ilé-iṣẹ́ kankan tí yóò mọ àdírẹ́sì tí ẹ ń yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà tó máa dìde lóru bó bá kùnà. Bí ẹ kò bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ ra àdálò, kí ẹ sì fi àjọlò láti ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe àtìlẹ́yìn.

Ẹ má sanwó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ lò ó fún oṣù kan, kí ẹ máa fi èsì eth_blockNumber rẹ̀ (nọ́ńbà búlọ́ọ̀kù tó kẹ́yìn tó mọ̀) wé ti nóòdù mìíràn ní gbogbo ìgbà. Èyí tó bá ń fi búlọ́ọ̀kù mélòó kan rẹ̀yìn lójoojúmọ́, ẹ fi í sílẹ̀.