AnkiDroid, áàpù káàdì ìkẹ́kọ̀ọ́ orí fóònù, ní ilé oògùn wa n'Íléṣà: ohun tí mo rí lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ

Ọ̀sán Ọjọ́rú kan ni abiyamọ kan wọ ilé oògùn wa nítòsí Èrèjà, ó pọn ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe. Èyí tó kéré jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ mi mú ORS, ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi fún ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe, fún un, ó ní, "Mọ́mì, ẹ dà á sínú píọ̀ wọ́tà kan, kẹ́ ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀." Mo dìde níbi tí mo jókòó sí. Lítà omi kan ni ẹyọ ORS náà ń gbà, píọ̀ wọ́tà tí wọ́n kọ 50cl sí lára, méjì ló sì ń jẹ́ lítà kan. Bí wọ́n bá pò ó mọ́ ẹyọ kan, iyọ̀ rẹ̀ á pọ̀ jù, ohun tó yẹ kó gba ọmọ là á wá pa á lára.

Ohun tó dùn mí ni pé òṣìṣẹ́ mi yìí ti kọ́ ọ. Kò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n parí ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí mo sanwó rẹ̀ fún gbogbo wọn. Wọ́n wo fídíò, wọ́n ṣe ìdánwò, wọ́n yege. Sàtífíkéètì rẹ̀ wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀ gan-an bó ṣe ń sọ̀rọ̀ píọ̀ wọ́tà kan yẹn.

N kò bá a jà, torí kì í ṣe ọ̀lẹ. Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, ti fi ara rẹ̀ dán ọ̀rọ̀ yìí wò, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1885. Ó ń há àwọn sílébù tí kò nítumọ̀ sórí, ó ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń bọ́ lọ. Láàárín ọjọ́ kan ni èyí tó pọ̀ jù ti lọ. Ohun tó ń mú un dúró ni kéèyàn padà sórí rẹ̀, kó jẹ́ kí ọjọ́ díẹ̀ kọjá, kó tún padà.

Iṣẹ́ tí AnkiDroid ń ṣe nìyẹn. Òun ni Anki, ètò káàdì ìkẹ́kọ̀ọ́, ti orí fóònù Android, ọ̀fẹ́ sì ni. Ìbéèrè wà lójú káàdì, ìdáhùn wà lẹ́yìn. Ẹ ó kọ́kọ́ dáhùn nínú ara yín, ẹ ó ṣí ẹ̀yìn, ẹ ó tẹ bọ́tìnì tó fi hàn bóyá ẹ gbà á. Èyí tẹ́ ẹ mọ̀ á lọ fún ọjọ́ mélòó kan, á tún lọ fún ọ̀sẹ̀, á lọ fún oṣù. Èyí tẹ́ ẹ gbàgbé á yára padà. Àwa Ìjẹ̀ṣà kò ṣàì mọ irú rẹ̀: òṣómàáló ni. Ọjọ́ àdéhùn bá ti pé, ó ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, kò sì ní dìde àfi tó bá gbowó.

Káàdì kíkọ ni iṣẹ́ gidi. Lákọ̀ọ́kọ́ mo kọ "Ṣàlàyé bí a ṣe ń lo ORS," mo kó ìlà mẹ́jọ sẹ́yìn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá òun gbà á. Mo wá gé e sí wẹ́wẹ́. "Píọ̀ wọ́tà 50cl mélòó fún ẹyọ ORS kan?" Méjì. "ORS tí a pò láàárọ̀ àná, ṣé ọmọ lè mu ún lọ́sàn-án òní?" Rárá, ó ti ju wákàtí 24 lọ. "Ọmọ oṣù mẹ́rin tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe, hóró síǹkì 20mg mélòó lójúmọ́?" Ìdajì, fún ọjọ́ 10 sí 14. "Ọmọ kílò 18 tí ibà ń ṣe, hóró oògùn ibà Artemether-Lumefantrine 20/120 mélòó lẹ́ẹ̀kan?" Méjì. "Ó lo àkọ́kọ́ láago mẹ́jọ àárọ̀, ìgbà wo ló kan èkejì?" Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Yorùbá ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀, torí Yorùbá ni àwọn oníbàárà fi ń bi wá. Mo gbà pé èyí ló ràn wá lọ́wọ́ jù. Gẹ̀ẹ́sì ni fídíò yẹn látòkèdélẹ̀, ẹni tó sì ń wá ìtumọ̀ nígbà tí ọmọ ń sunkún níwájú rẹ̀ lè ṣì í sọ.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni láràárọ̀ kí a tó ṣílẹ̀kùn. Káàdì dídáhùn kò gba dátà.

Mo fún AnkiDroid ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Bẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, káàdì á wọ́ jọ dè yín. A ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà ọdún Iléyá, ó sì sú gbogbo wa. Márùn-ún tuntun péré ni mo ń jẹ́ kó wọlé lójúmọ́ báyìí. Ti iPhone, owó ni. AnkiDroid kì í sì í jábọ̀ fún ọ̀gá: ẹni tó ń dáhùn ló ń dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi so ó mọ́ owó oṣù ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà máa purọ́ fún fóònù.

Màmá tó ń bá wa to ọjà kò ní Android. Páálí bàtà ni mo pín sí mẹ́ta fún wọn, mo fara wé ọgbọ́n àpótí káàdì tí òǹkọ̀wé Sebastian Leitner là sílẹ̀ lọ́dún 1972. Káàdì iwájú, ojoojúmọ́. Ti àárín, ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Ti ẹ̀yìn, ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀. Èyí tí wọ́n bá gbà á sún sẹ́yìn, èyí tí wọ́n bá ṣì á padà síwájú. Wọn kì í pa á jẹ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, baba kan wá ra ORS. Ọmọbìnrin ọjọ́sí yẹn kó píọ̀ wọ́tà méjì lé ORS náà lórí: "Bàbá, méjèèjì lẹ ó pò ó mọ́ o. Tó bá ṣẹ́ kù di ìwòyí ọ̀la, ẹ dà á nù." Mo wà nídìí kọ̀ǹpútà. N kò dìde.